Bàtà Díákónì Ìtẹ́lọ́rùn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ mi, ọ̀rọ̀ bàtà Díákónì ni. Ó pè mí lórí fóònù láti ìdálẹ̀ tó ti lọ ṣiṣẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. N ò rí bàtà tó gba ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn. Ó ti sú mi, n ò rà á mọ́. Ìwọ ńkọ́, kí ni kí n mú bọ̀?"

Mo ní, "Ṣáà máa bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun kò jí.

Ẹ jẹ́ kí n fi Díákónì hàn yín. Díákónì Ìtẹ́lọ́rùn là ń pè é, nítorí ìwàásù kan ṣoṣo ló mọ̀, ìtẹ́lọ́rùn ni. Afàdúrà-tọrọ-bàtà! Ọlọ́wọ́-méjì, ọ̀kan fún Ọlọ́run, ọ̀kan fún àpò! Wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni baba àrùn. Tirẹ̀ ti di bàbá àgbà, ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Bí o bá fẹ́ rìnrìn àjò nínú ìjọ wa, òun ni yóò gbàdúrà fún ọ. Ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí rẹ, tòsì á máa ki ìwé ohun tí o máa rà fún un bọ̀ ọ́ lápò. Kí o tó ṣe àmín, o ti di alábàárù Díákónì. Bí o bá sì padà dé lọ́wọ́ òfo, kò ní bínú. "Àlàáfíà rẹ ló tó," ni yóò wí, á wá mí kanlẹ̀ débi pé ìwọ fúnra rẹ á sáré lọ ra nǹkan.

Ọjọ́ kejì tí a sin ọkọ mi, ilé kún fún ará ìjọ. Àpótí ìrìnàjò rẹ̀ dé, a gbé e sí àárín pálọ̀. Díákónì ló kọ́kọ́ dìde.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí àpótí yìí ká tó ṣí i. A ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, aránṣọ tí ahọ́n rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ, dáhùn pé, "Ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ mọ̀."

Mo ṣí i. Bàtà dúdú tí ọkọ mi fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló wà lókè. Nínú bàtà, ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin.

N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ pé lẹ́tà ni, pé ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún mi. Mo nà án sí Díákónì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Kí ló sọ?"

Ó ṣí ìwé náà. Òógùn bò ó. Ó wo bàtà, ó wo ìwé, ó tún wo bàtà.

"Ó ní… ó ní ẹ kú ilé. Ó ní ẹ má sunkún. Ó ní… bàtà dúdú yìí, Díákónì ló ni ín."

"Bàtà wo?" ni mo wí. "Ẹni tó sọ fún mi pé òun ò rà á mọ́?"

"Ìyàwó wa, fi Díákónì sílẹ̀ fún mi," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. Ó ti já ìwé gbà. Ó kà á sókè ketekete: "'Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní Jésù ti yó. Kí ló tún ń wá kiri?'"

Àwọn kan ti ń ṣe àmín. Ó yí i padà.

"'Bàtà dúdú, aláwọ gidi. Aago, kó má jẹ́ oníke. Lọ́fínńdà, ìgò ńlá. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, bẹ́líìtì.'"

Ó gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i: àwòrán ẹsẹ̀ gbàǹgbà kan, ìka márààrún pé. Díákónì ti fi ẹ̀yìn ìwàásù rẹ̀ wọn ẹsẹ̀!

"Díákónì, ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ yín lé e, ká mọ̀ bóyá ti àbúrò mi ni."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà, opó tí omijé rẹ̀ kò tíì gbẹ, mo di ìhà mú. Díákónì gba ẹnu ọ̀nà lọ, ìkánjú ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé bàtà ẹlòmíràn lòun wọ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Ẹni tó ni ín ń ké tẹ̀lé e ládùúgbò: "Díákónì, ìtẹ́lọ́rùn o! Ẹ dá bàtà mi padà!"

Ìwé náà kì í ṣe lẹ́tà. Mo fẹ́ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìwàásù yẹn, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ gbà á gbọ́. Èmi gbà á. Òun ni mo fi ń dìde láràárọ̀: Jésù, Ẹni tí mo ní, kò lọ sí ìdálẹ̀.

Ẹ̀wù méjì tí ọkọ mi wọ̀ lọ́hùn-ún ṣì wà nínú àpótí. N kò tíì fọ̀ wọ́n.