Táyà Tó Fẹ̀ Ju Alùpùpù Lọ

Táyà ẹ̀yìn alùpùpù ọ̀gá mi ti pá.

Kì í ṣe pé ó kàn jẹ díẹ̀ o. Ó pá! Ó ń dán gbinrin. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láàárọ̀, ó lè fi ṣe dígí kó sì fá irùngbọ̀n níwájú rẹ̀.

Bíríkìlà ni ọ̀gá mi. Èmi ni lébìrà rẹ̀. Èmi ni mò ń po sìmẹ́ńtì, èmi ni mò ń ru búlọ́ọ̀kù. Ìpìlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá mi, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a sọ tí kò ní fi ìpìlẹ̀ dáhùn. Bí ọbẹ̀ bá jóná, "Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ò dáa." Bí ọmọ aládùúgbò bá ń ké, "Ẹ wá ìpìlẹ̀ ẹkún yẹn." Alùpùpù rẹ̀ sì rèé, ó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń lọ sílé. Wọ́n dé kọ́ọ̀nà. Táyà tó pá ò rí nǹkan kan dì mú nílẹ̀.

Ṣùùùù!

Gbìì!

Ìpìlẹ̀ wà lórí alùpùpù. Ìyàwó wà nínú gọ́tà.

Èyí tó wá burú jù ni pé Ìpìlẹ̀ ò mọ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan fún àga tó ti ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ó délé, ó pa iná alùpùpù, ó ní, "Sọ̀kalẹ̀, a ti dé."

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìyàwó ò tẹ̀ lé e délé. Láti inú gọ́tà, ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ, tòun ti ẹrẹ̀ lára. Nígbà tí Ìpìlẹ̀ wá mú mi dání láti lọ bẹ̀bẹ̀, ìyá ìyàwó la bá lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó tóbi. Bó bá jókòó lórí àga, àga ọ̀hún ni yóò máa wá ibi tí yóò ti mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nílé."

"Ilé wo? Inú gọ́tà?"

"Ẹ má bínú, mà. Táyà ló yọ̀."

"Táyà yọ̀, ọmọ mi ṣubú. Ìwọ tó o jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, nǹkan kan ò ṣe ẹ́. Ọkọ ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Lọ pààrọ̀ táyà yẹn, kó o gbé alùpùpù náà wá síbí. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ gùn ún. Bí kò bá yọ̀ mọ́ mi lábẹ́, ọmọ mi á bá ẹ lọ. Bó bá yọ̀..."

Ó kàn fi àlùmọ́gàjí gé òwú ọwọ́ rẹ̀.

Kẹ́sẹ́!

Ìpìlẹ̀ fọwọ́ bo ọrùn rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta táyà. Táyà kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ìyá náà jáde, ó wo alùpùpù wa, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Irú èyí ṣì wà láyé? Mo rò pé wọ́n ti sin gbogbo wọn ni."

Ó wọlé, ó mú táyà tín-ín-rín méjì wá. "Tiẹ̀ rèé. Tiwájú tẹ̀yìn, bákan náà ni."

Ìpìlẹ̀ gba ọ̀kan. Ó fi ìka kàn án lára, kó, kó, kó, bí a ti ń kan búlọ́ọ̀kù ká lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ó gbé e sétí. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Táyà ni."

"Irọ́ ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ lèyí. Ìyá, bíríkìlà ni mí o. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ògiri lọ. Ṣé ẹ mọ irú ògiri tí mo fẹ́ gbé lé e lórí?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi wọn ṣàpèjúwe ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Ó ní kí èmi náà wá fi tèmi kún un.

Ìyá onítáyà wo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Háà," ló wí. "Ògiri ńlá ni."

Ìpìlẹ̀ ti rí nǹkan míì ní kọ̀rọ̀. Táyà dúdú kìrìbìtì kan ni, eyín rẹ̀ rí gbákangbàkan, bí ẹni pé ó máa bu ènìyàn jẹ.

"Èyí ńkọ́?"

"Ti àwọn alùpùpù ńlá tó ń gun òkè, tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ nìyẹn. Àyíká rẹ̀ àti ti táyà yín dọ́gba, ó lè wọ rìímù yín, ṣùgbọ́n kò ní gba àárín irin méjèèjì tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú."

"Ẹ ní inú kí ló ti ń sáré?"

"Inú ẹrẹ̀."

"Inú ẹrẹ̀ gan-an ni ìyàwó mi ṣubú sí! Ẹ gbé e fún mi!"

"Iwájú wá ńkọ́?"

"Iwájú kàn ń wo ọ̀nà ni, kò gbé ẹnì kankan. Ẹ fún un ní ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn."

Mo ru táyà ńlá náà lórí. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní oríta, a bá fọkanáísà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà. Ó tẹjú mọ́ ohun tó wà lórí mi.

"Bíríkìlà, alùpùpù tó ni táyà yìí dà?"

"Ìwọ náà ń wò ó níwájú ẹ."

"Èyí tí mò ń wò yìí kọ́. Mo ní èyí tó ni táyà."

"Fọkanáísà, ṣiṣẹ́ ẹ."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irin ìyọ-táyà ń dún, kí, kí, kí. Ọṣẹ àti omi ń ta sókè. Fọkanáísà gun orí táyà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè wọ rìímù. Táyà ta á nù. Èmi náà gun orí rẹ̀. Ó ta èmi náà nù, mo bá ara mi lẹ́bàá ìjókòó àwọn oníbàárà. Ìpìlẹ̀ káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò wá. "Ẹ rọra o. Ìpìlẹ̀ ò fẹ́ ìkánjú."

Ó wọ rìímù nígbẹ̀yìn. Kò wá wọ àárín irin. A yọ mọ́gáàdì, irin tó ń bo táyà lókè. Kò wọ̀. A fa irin ọ̀tún, a fa irin òsì. Kò wọ̀. Ni fọkanáísà bá tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, fùùùù, táyà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín, a sì tì í wọlé. Àlàfo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí èèrà bá fẹ́ gbabẹ̀ kọjá, àfi kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

"Gbọ́ mi o," fọkanáísà wí. "Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ yìí náà ni. Bó o bá fi pẹ́nrẹ́n kún un, ó há nìyẹn."

"Ta ló fẹ́ fi kún un? Èmi?"

A gba ilé ìyá ìyàwó lọ. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù. Mo rí i, Ìpìlẹ̀ náà sì rí i.

Màmá jáde, ó ti wé gèlè rẹ̀ le bí ẹni ń lọ jà.

"Láti ibí dé oríta, ká sì padà. Ẹsẹ̀ mi ò ní kan ilẹ̀ títí a ó fi padà dé ojúde yìí. Bí ẹsẹ̀ mi bá kanlẹ̀ lọ́nà, mo ti ṣubú nìyẹn o, ọmọ mi ò sì lọ síbì kankan."

Ó gùn ún.

Kíkẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Alùpùpù kérora. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ó ronú, ó padà sílẹ̀.

Wọ́n gbéra. Táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ ń lọ fọ̀tọ̀, fọ̀tọ̀, fọ̀tọ̀. Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn, mo ń dúró dè wọ́n.

"Ọkọ ọmọ mi, kí ló ń mì lábẹ́ mi?"

"Ọ̀nà ni, mà."

"Ọ̀nà ló ń mì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí ò dáa."

"Má fi mí ṣe ọmọdé. Ebi ń pa táyà yìí ni. Fọkanáísà rèé lọ́ọ̀ọ́kán, yà síbẹ̀."

Òógùn bo Ìpìlẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé táyà tí òun rà kì í ṣe ti alùpùpù òun? Ó yà.

"Ẹ káàbọ̀, mà," fọkanáísà wí.

"Bá mi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹ̀yìn yìí."

Fọkanáísà wo Ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣẹ́jú, ó ń yọ ètè, ó ń mi orí.

"Kí ló ṣe ojú ẹ?" Màmá bi í.

"Eruku ni, mà."

"Báwo ni kí afẹ́fẹ́ náà ṣe pọ̀ tó, mà?" fọkanáísà béèrè.

"Wò mí dáadáa."

Fọkanáísà wò ó dáadáa.

"Ó ti yé mi, mà."

Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n! Ṣíííííí! Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí inú ń bí. Ó kan irin ọ̀tún. Ó kan irin òsì. Ó ṣì ń wú. Irin méjèèjì ń ké kẹ́kẹ́kẹ́.

Gbám!

Ó há.

"Ó yá, ká máa lọ," Màmá wí.

Ìpìlẹ̀ tan iná. Vùùùùùn! Púkẹ́. Ó kú. Ó tún tàn án. Vùùùùùn! Púkẹ́. Òórùn rọ́bà gba gbogbo oríta.

"Kí ló dé?"

"Ó... ó ń rò ó ni, mà."

"Alùpùpù ló ń ronú?"

"Ó ti dàgbà, mà."

Fọkanáísà ti yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó rí ohùn gbà padà, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yìí."

"Afẹ́fẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó o fẹ́ sí i? Kó lè tún máa jó lábẹ́ mi? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ mi!"

"Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, mà..." Ìpìlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Sọ̀ kí ni?" Màmá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. "Kí la jọ sọ nílé?"

Ìpìlẹ̀ wo ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Màmá lókè. Ó wá wò mí, bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ níṣojú rẹ̀.

"Lébìrà," ó rọra wí, "ṣe nǹkan."

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹrù ni mo mọ̀ ọ́n gbé. Wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì títì. Mo lọ yá ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ onígi tí wọ́n fi ń kó búlọ́ọ̀kù, mo sì ní kí àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé mi.

"Màmá, ẹ di ọkọ ọmọ yín mú dáadáa," mo wí.

"Ó yá o! Húùùùp!"

A gbé alùpùpù náà tòun ti èrò orí rẹ̀. Orúnkún ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ojú àwọn ọkùnrin náà yọ síta. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní alùpùpù kan ni!" Màmá sì ń pariwo látòkè, "Ẹ rọra! Táyà tuntun ni!"

Bí alùpùpù ṣe gorí ọmọlanke nìyẹn, Ìpìlẹ̀ níwájú, Màmá lẹ́yìn. Ìpìlẹ̀ fẹ́ sọ̀. Màmá ní, "Ta ló máa di ọwọ́ alùpùpù mú? Jókòó jẹ́ẹ́." A fi okùn so wọ́n pọ̀, mo wọ àárín igi ọmọlanke, mo ń fà wọ́n lọ.

Gbogbo títì dúró.

"Ẹ ń tà á ni?" bàbá kan béèrè.

"Èwo lẹ fẹ́ rà níbẹ̀?" Màmá dá a lóhùn.

Ìpìlẹ̀ dorí kodò. Nígbà tí a dé kọ́ọ̀nà, Màmá gbá a léjìká. "Kọ́ọ̀nà rèé, ọkọ ọmọ mi. Fọn fèrè."

Píììì!

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè fà á mọ́!

A dé ojúde. Ìyàwó wo ọmọlanke. Ó wo alùpùpù. Ó wo ìyá rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó wo èmi tí òógùn ń kán ní imú.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

Màmá sọ̀kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo lọ, mo dé. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Táyà yìí ò yọ̀ níbì kankan, kódà ní kọ́ọ̀nà. Gbé báàgì ẹ."

"Mọ́mì! Alùpùpù yẹn ò rìn!"

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Alùpùpù tí ò lè rìn ò lè ju ẹnì kankan sí gọ́tà."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rọra sún síwájú díẹ̀ lórí àga, ó fọwọ́ nu àyè ẹ̀yìn fún un. Ẹ̀rín já mọ́ obìnrin náà lẹ́nu, pàá! Ó gbé báàgì, ó gùn ún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo fà wọ́n. Ilé wọn wà lórí òkè, òkè náà sì ga. A dé ìdajì, ọmọlanke ò lọ síwájú mọ́.

"Ọ̀gá! Òkè yìí ti borí mi o!"

Ìyàwó gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Òkè nìyí. Fi sí jíà kìíní."

Ìpìlẹ̀ fọwọ́ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó fẹsẹ̀ gbá jíà.

Kẹ́!

"Lébìrà, máa lọ," ó ní. "Ó ti wọlé."