Ìwé Wákà Tó Funfun Báláú

Bí mo tilẹ̀ pẹ́ láyé títí tí mo fi gbàgbé orúkọ ara mi, àárọ̀ Sunday kan báyìí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà dójú ti ara mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Sabon Gari.

Alhaja tó ń léwájú orin fún wa ti lo ogójì ọdún ní Kano. Wákà méjìlá ló fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kò sì kọ ọ̀kankan sínú ìwé rí. Nígbà tó fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá, ó ní kí n bá òun sọ wọ́n di ìwé orí fóònù, kí orin má baà bá òun lọ. Ó ń kọrin, mo ń tẹ̀ ẹ́.

Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ lásán ni, wàhálà ìbá ti tán. Àmọ́ àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo fi àwọ̀ ewé tẹ́ gbogbo ojú ewé, mo wá sọ lẹ́tà di funfun. Lórí fóònù tuntun tèmi, ó rẹwà débi pé mo ń wò ó jẹun.

Ní Sunday yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo yọ àyà síta. "Ẹ̀yin ìyá wa, kò sí fóònù tí kò ní gbé e." Wọ́n ṣí i.

Ìyá Sàdíkù tó ń ta aṣọ lọ́jà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Haba, tèmi ò mà ní nǹkan kan nínú o."

"Ẹ pa á, mà, kẹ́ ẹ tún un ṣí."

Ó tún un ṣí. Funfun báláú. Ti gbogbo wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ táwọn ọmọ wọn fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń lò, áàpù ìkàwé inú rẹ̀ sì ti gbó. Kò mọ àwọ̀ tí mo tẹ́ sílẹ̀, ó kàn gbọ́ pé kí lẹ́tà funfun, ló bá kọ funfun sórí funfun. Tuesday ni Alhaja ń lọ.

Alhaja ò bínú. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ojú ewé òfo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí orin kan bá parí, á fi ìka ṣí ewé tó kàn, á sì kọ èyí tó wà níbẹ̀ gan-an. Mo ń fojú bá a lọ lórí fóònù tèmi. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tó dé orin keje, níbi tó ti ń ṣàdúrà fáwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó kọ ìlà kan tí n kò rí. Mo wá a síwá, mo wá a sẹ́yìn. Orúkọ ìyá Ìyá Sàdíkù ni, èmi ni mo fò ó nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Ewé òfo ọwọ́ Alhaja pé ju èyí tó kún lọ́wọ́ mi lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Alhaja, ẹ dárí jì mí. Mo fo ìlà kan. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ nílò ìwé rárá."

"Toh, èmi ò nílò ẹ̀. Ṣé èmi ló ń kù sí Kano ni?"

Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti bọ́ àwọ̀ kúrò, mo ti dá orúkọ padà, mo sì ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, mo ń ṣí i wò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ránṣọ fún àgbà, kó wọn àgbà, kó má wọn ara rẹ̀.

Ẹ̀dà aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ìgbéraga bá ti fẹ́ gùn mí, mo máa ń ṣí ojú ewé keje, mo máa ń wo ibi tí orúkọ yẹn kò sí, mo sì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.