Búrẹ́dì Tí Ẹ̀rọ Ẹlẹ́ja Tẹ̀ Pẹlẹbẹ

Lánàá, ẹjọ́ kan gba ẹnu ọ̀nà ààfin wọlé, ó ru atẹ búrẹ́dì sórí. Ẹni tó wà lábẹ́ atẹ náà ni oníbúrẹ́dì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fúyẹ́, nítorí búrẹ́dì rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú. Bí o bá rà á tí o kò wo ọwọ́ rẹ, o lè rò pé o ti gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ojú Fúyẹ́ pọ́n, kò sùn. Àwọn awakọ̀ tírélà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì rẹ̀, aṣáájú wọn sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá rí i lórí búrẹ́dì tí wọ́n gbé lọ kẹ́yìn. Bí àwọn awakọ̀ bá yí ẹ̀yìn padà sí i, ààrò rẹ̀ á tutù, adìyẹ á sì yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ó mú ọ̀kan lórí atẹ, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Kábíyèsí. Pàà! Ó dún bí páálí.

“Bàtà ta nìyí?” ni Kábíyèsí bèèrè. Abẹ̀bẹ̀ ló fi bo ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe.

“Kábíyèsí, búrẹ́dì ni.”

“Mo ní bàtà ta ni?”

“Búrẹ́dì ni o, kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi!”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà dúró lápá kejì, ó ká ọwọ́ sáyà. Ẹja ló ń yan tà. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ rẹ̀: á kó ẹja sínú ọ̀rá tó nípọn, á dé ìdérí, ẹ̀rọ á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá jáde, á sì fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹja á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìhu.

“Fúyẹ́, rojọ́ rẹ,” ni Kábíyèsí wí.

“Kábíyèsí, àwọn awakọ̀ ní búrẹ́dì mi ń hu kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ni Ẹ̀gbọ́n wa bá ní, ‘Ọkọ àbúrò mi, gbé e wá, ẹ̀rọ mi á bá ọ dì í.’ Mo gbé e lọ. Ó ga báyìí! Ó yọ ikùn, ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rọ yẹn ké hùùùn, búrẹ́dì mi mí kanlẹ̀, kò sì mí mọ́.”

Àgbà ìgbìmọ̀ kan na ọrùn síwájú. “Ó kú?”

“Ó kú, bàbá. Gbogbo wọn ló kú. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, àwọn awakọ̀ sì ń fọn fèrè, ni wọ́n bá kó wọn lọ bẹ́ẹ̀.”

Kábíyèsí yíjú sí ẹlẹ́ja. “Kí lo rí sọ?”

“Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ n bi ọkọ àbúrò mi léèrè. Kí ni ẹ̀rọ mi ń fà?”

“Afẹ́fẹ́,” ni Fúyẹ́ dáhùn.

“Ṣé ó ń fa ìyẹ̀fun?”

“Rárá.”

“Ṣúgà ńkọ́?”

“Rárá.”

“Bọ́tà?”

“Àǹtí, mo ní rárá!”

“Ó dáa. Afẹ́fẹ́ nìkan ló yọ. A jẹ́ pé ohun tó kù nínú ọ̀rá yìí ni gbogbo búrẹ́dì tó wà nínú búrẹ́dì rẹ láti ọjọ́ tí o ti ń tà á fún wa.”

Ẹjọ́ a máa yí padà bí ẹja nínú epo gbígbóná. Fúyẹ́ tó wá fẹjọ́ sùn, òun ni wọ́n ń wò bí olè yìí.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Abájọ!” ni àgbà ìgbìmọ̀ pariwo. “Kí n tó nu ẹnu tán ni ebi á ti tún máa pa mí! Ṣé afẹ́fẹ́ lo ń tà fún ààfin?”

“Bàbá, afẹ́fẹ́ wà lára iṣẹ́! Yíìsì ló ń—”

“Ó ti jẹ́wọ́! Ó ti dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀! Ẹ lọ mú Yíìsì wá!”

“Ẹ fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ná,” ni Kábíyèsí sọ láti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́nà tó ya Fúyẹ́ lẹ́nu. Fúyẹ́ yára dì mọ́ ohùn náà bí ẹni tó rí okùn nínú kànga.

“Kábíyèsí, ẹ̀rọ yẹn ní kókó tí wọ́n fi ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹja gbígbẹ lè gba agbára, búrẹ́dì ò lè gbà á. Ó yẹ kó yí i sẹ́yìn, kò yí i!”

“Mo ní kó yí i sẹ́yìn,” ni ẹlẹ́ja fò sókè, “òun ló yí i síwájú! Ó ní, ‘Ọ̀nà àwọn oníbàárà mi jìn, fún un lágbára!’ ”

“Irọ́ ńlá! Ìyàwó mi wà níbẹ̀!”

Wọ́n pe ìyàwó. Ó dúró sáàárín ọkọ àti ẹ̀gbọ́n, ó ń wo ilẹ̀.

“Ta ló yí kókó?”

“Kábíyèsí, ọkọ mi ò fọwọ́ kàn án.”

Fúyẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó húkọ́.

“Ìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ wọlé,” ni ìyàwó wí. “Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ kàn án.”

“Ìyá àwọn ọmọ mi!” ni Fúyẹ́ kígbe.

“Ṣùgbọ́n kò yí i.”

Ẹ̀gbọ́n tún húkọ́.

“Ó yí i díẹ̀.”

“Ìyàwó mi àtàtà!”

“Ó sì yí i padà.”

“Ìwọ obìnrin yìí,” ni Kábíyèsí bèèrè, “ta gan-an lò ń jẹ́rìí fún?”

“Kábíyèsí, ilé ọkọ mi ni mò ń sùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń gba ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀, oorun ni àbí ọbẹ̀?”

Kábíyèsí ní kí wọ́n lọ gbé ẹ̀rọ wá. Wọ́n gbé e dé, wọ́n wo kókó rẹ̀: ó ti yí dé òpin. Nǹkan kan sì gbẹ mọ́ ọn lára. Kábíyèsí fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí àgbà ìgbìmọ̀. Àgbà lá a.

“Epo ẹja wà níbẹ̀,” ni àgbà wí. “Ìyẹ̀fun náà wà níbẹ̀. Iyọ̀ ni ò tó.”

“Ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn!” ni Kábíyèsí wí.

Olùpẹ̀jọ́ wo òrùlé, olùjẹ́jọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá irọ́ míì ni fèrè tírélà ti ké níta. Aṣáájú àwọn awakọ̀ wọlé, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan wà ní abíyá rẹ̀.

“Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ta ló ṣe èyí?”

Fúyẹ́ nàka sí ẹlẹ́ja. Ẹlẹ́ja nàka sí Fúyẹ́.

“Òun ni! Mo kọ̀ ọ́ níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, kì í ṣe búrẹ́dì mi!”

“Mo búra, n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Ẹja ni mò ń tà!”

“Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀,” ni awakọ̀ wí. “Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú bí mi. Mo fi dí táyà lórí òkè.”

Fúyẹ́ di ojú.

“Táyà ò yẹ̀. Nígbà tó yá, ebi dé, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà. Mo nu ọ̀rá rẹ̀, mo ya á. Kò hu! Ó ki pọ́pọ́, ó ń ta sánsán bí ẹja yíyan. Mo jẹ ẹ́, mo yó títí mo fi dé. Kábíyèsí, búrẹ́dì rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń gba ẹ̀yìn ìjókòó mi, àfi kí n sùn ní ìdúró. Èyí, abẹ́ ìjókòó gba òkìtì rẹ̀. Gbogbo àwa awakọ̀ la fẹ́ ẹ. Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni!” Ẹnu méjì ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pò ó!”

“Ẹ̀rọ ta ló tẹ̀ ẹ́? Ẹja ta ló ń ta sánsán?”

“Èmi ni mo yí kókó dé òpin!”

“Irọ́ ni, èmi ni mo kọ́kọ́ yí i!”

Ìyàwó kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, mo ti wá rántí báyìí. Èmi ni mo yí i.”

Kábíyèsí fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Ó tó! Ẹ fún mi ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ yẹn kí n dájọ́.”

Wọ́n wá ẹ̀rí, wọn ò rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà ìgbìmọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

“Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni,” ni àgbà wí.

Kábíyèsí mí kanlẹ̀, ó wá dájọ́. “Fúyẹ́, o ti kọ ọmọ yìí. Ẹlẹ́ja, ìwọ náà ti búra pé o ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí bàbá kọ̀, tí ìyá sẹ́, ọmọ ààfin ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ọ̀dọ̀ mi ni á ti gba àyè, n ò sì ní fún ẹnì kan ṣoṣo. Fúyẹ́ á kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ẹlẹ́ja á dé ìdérí, obìnrin yìí nìkan ni á máa yí kókó. Bí ẹ bá jà, ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu á fi ètè nu ẹnu gbogbo ọ̀rá ọjọ́ náà.”

“A gbà, Kábíyèsí!”

“Ó ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́.”

Fúyẹ́ wo ẹnu ọ̀nà.

“O ti ń ta afẹ́fẹ́ fún ìlú. Nítorí náà, láràárọ̀, kí afẹ́fẹ́ inú búrẹ́dì ti ààfin má dín rárá. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fi lè mí sí búrẹ́dì tèmi, màá ti ààrò rẹ pa!”

“Kábíyèsí,” ni àgbà ìgbìmọ̀ bèèrè, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, “kí la fẹ́ fi afẹ́fẹ́ ṣe?”

Kábíyèsí gbé abẹ̀bẹ̀ kúrò, ó la ẹnu. Eyín kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, bí ọdẹ tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu iṣẹ́.

“Jíjẹ ni,” ni Kábíyèsí wí. “Kí lo tún rò pé mo lè jẹ?”