Baálẹ̀ Náà Dín Kan

Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wọ ààfin lánàá, bí kì í bá ṣe pé ó ṣojú mi, ẹni tó bá ròyìn rẹ̀ fún mi, màá ní ó ti mu nǹkan ni. Lẹ́tà ni mo wá gbà, èyí tí Baálẹ̀ máa ń fọwọ́ sí pé ọmọ àdúgbò ni ènìyàn. Ààfin tí mò ń wí yìí, pálọ̀ ni o, lẹ́yìn ojú irin Agége, páànù rẹ̀ sì ń jò. Baálẹ̀ Adéríbigbé kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n bí o kò bá pè é ní Kábíyèsí, lẹ́tà rẹ yóò pẹ́. Mo pè é ní Kábíyèsí lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ibì kan jókòó sí.

Kò pẹ́ tí Kúbúrá wọlé. Ó ti tú gèlè, ó ti fi gbàjá. Shuaib tẹ̀lé e, ọkùnrin gíga kan tó rù. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Kúbúrá. Làsísì onílé wọn wọlé ṣìkẹta, àgádágodo tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí Baálẹ̀ bá ti lè dá Shuaib lẹ́bi báyìí, òun ń lọ ti yàrá rẹ̀ pa nìyẹn, kó lọ wá ibi tí yóò sùn.

Baálẹ̀ bojú wo ẹni tó jókòó tì í, ìyẹn Ọ̀tún, Olóyè Fọlárìn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè. Ọ̀tún mi orí pé òun ti múra.

"Kúbúrá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kábíyèsí, ọkùnrin yìí ń ka ọmọ mi."

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?

"Ojú ló fi ń kà wọ́n ni, àbí ẹnu?" Ọ̀tún ló bèèrè.

"Tojú tẹnu, bàbá. Àràárọ̀ ló ń gbé bẹ́ǹṣì sí ẹnu pásééjì. Bí àwọn ọmọ mi bá ti ń jáde lọ sílé ìwé, á máa nàka sí wọn: lé kan, lé kan, lé kan. Bí èmi bá jáde, á ní dín kan. Dín kan! Èmi abiyamọ! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó mi orí, ó ní, 'Àwọn kéékèèké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ilé yìí.' Kábíyèsí, ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ara àbíkẹ́yìn mi gbóná, ó gbóná débi pé ọ̀sán gangan la gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sípítù. Kó kó jáde nílé wa. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

"Shuaib, o gbọ́. Ṣé o ka ọmọ ọlọ́mọ?"

"Rárá, Kábíyèsí. Káàdì ni mò ń kà."

"Káàdì ọ̀hún dà?"

"Mùínàt ìyàwó mi ti fi dáná. Ó ní ohun èṣù ni, kẹrosíìnì ò sì sí nílé. Òun ló fi se omi ẹ̀bà wa lọ́jọ́ náà."

"Nígbà tí káàdì wá jóná tán ńkọ́?"

"Mo wá ṣàkíyèsí pé àwọn ará ilé wa jọ káàdì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀tún fojú gún mi, mo sọ ọ́ di ikọ́.

"Ṣàlàyé ara rẹ," Baálẹ̀ ní, "kí n tó bínú."

Shuaib dìde dúró bíi tíṣà. "Kábíyèsí, láwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní GRA Ìkẹjà, wọ́n ń ta káàdì kan tó ń jẹ́ bíláàkì-jáàkì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sún mọ́ mọ́kànlélógún jù lọ, tí kò kọjá rẹ̀, òun ló jẹ. Àwọn káàdì ńláńlá ló ń ṣe wá lóore: mẹ́wàá, Jáàkì, Kúìnì, ọba, àti éèsì. Bí ẹ bá mọ̀ pé àwọn ńlá ló pọ̀ nínú èyí tó kù, ẹ ki ọwọ́ bọ àpò. Bó bá jẹ́ àwọn kékeré ni, ẹ káwọ́ gbera."

"Báwo lo ṣe máa mọ ohun tó kù, nígbà tí o ò rí i?"

"Èyí tó ti jáde ni mo máa ń wò, sà. Bí méjì títí dé mẹ́fà bá jáde, lé kan. Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kò lé, kò dín. Bí mẹ́wàá tàbí àwọn tó jù ú lọ bá jáde, dín kan. Bí ó bá ti lé lọ́wọ́ yín dáadáa, ẹ mọ̀ pé àwọn ńlá ṣì wà nínú ilé. Yorùbá kúkú mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí a bá pe mọ́kàndínlógún, ṣé a ò ti dín kan níbẹ̀?"

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Àwọn ọmọdé ló dúró fún méjì sí mẹ́fà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣègbéyàwó, wọn ò lé, wọn ò dín. Àgbà, dín kan."

"Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ burúkú yìí?"

"Jubril ni."

Jubril wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń wo bàtà rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ló ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n tì í síwájú.

"Kábíyèsí, wàláì, mi ò mọ ọkùnrin yìí rí."

Làsísì fò sókè. "Ìwọ tí ẹ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi!"

"Mo mọ ojú ẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

"Jubril!" Shuaib ké.

"Shuaib, dákẹ́ jàre!"

Ẹ̀rín ta nínú pálọ̀. Jubril fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́.

"Kí lẹ jọ ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì?"

"Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni mò ń bá a kọ, sà."

"Lẹ́tà wo ló ní ọba pupa nínú?" Làsísì ní. "Mo fojú mi rí i. Ọba ọ̀hún tiẹ̀ ní irùngbọ̀n."

"Kábíyèsí, mo jẹ́wọ́. Mo kọ́ ọ díẹ̀. Mo tún yá a ní bàtà, mo mú un lọ sí kasínò, ilé tẹ́tẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì wa, ní Sátidé kan. Mo kìlọ̀ fún un pé inú la ti ń kà á, bí wọ́n bá mọ̀ pé o ń kà á wọ́n á lé ọ dànù. Bí ẹni tó ń pín káàdì ṣe já àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọkùnrin yìí lanu gbàgà: 'LÉ KAN!' Òyìnbó kan da ọtí sára. Wọ́n gbé e síta, tòun ti bàtà mi."

"Shuaib, kí ló mú ọ pariwo?"

"Kábíyèsí, ẹnu mi ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka ìgò nílé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ìgò á máa kọjá lórí bẹ́líìtì, èmi á máa ka èyí tó dáa, màá máa yọ èyí tó sán. Bí o ò bá kà á sókè, sùpáfáísọ̀ á ní oorun lò ń sùn. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, wọ́n lé wa tìlùtìfọn. Ojú mi ò gbọ́ pé wọ́n ti lé wa. Bí mo bá jókòó, ó ń wá nǹkan tó ń kọjá. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Kúbúrá pàápàá wojú ilẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ Baálẹ̀ kọjú sí Jubril.

"Nígbà tí wọ́n gbé e síta, kí lo wí?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà. Àtọjọ́ náà ló ti mọ́ mi lẹ́nu."

Baálẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀. "Shuaib, ọmọ Kúbúrá mélòó lo kà?"

"Mi ò mọ̀, Kábíyèsí."

"O ń kà wọ́n láràárọ̀, o ò mọ iye wọn?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Ìṣirò yìí kì í béèrè iye. Ìyá kan jáde, ọmọ kan jáde: òfo. Ogún ìyá jáde, ogún ọmọ jáde: òfo náà ni. Bí àwa tí a wà níbí báyìí, títí kan àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé yẹn, mi ò mọ iye wa. Mo kàn mọ̀ pé a dín méjì."

"Ẹ ò rí i? Ó tún kà wọ́n!" Kúbúrá fọwọ́ lérí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀tún ti ń họ irùngbọ̀n. "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Ẹni tó ka nǹkan tí kò mọ iye ẹ̀, ṣé a lè ní ó kà á?" Ó yíjú sí Shuaib. "Dúró ná. Èmi ńkọ́? Kí ni tèmi?"

"Dín kan, sà."

"Làsísì?"

"Láńlọ́ọ̀dù náà dín kan."

Ọ̀tún dìde tìbínútìbínú. "Èmi àti Làsísì, ọ̀kan náà? Èmi tí mo wa réluwéè láti Ìdó dé Kánò?"

"Kí ló wá burú ńbẹ̀?" Làsísì náà dìde. "Yàrá mẹ́wàá ni mo kọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, yàrá mélòó ló wà nínú réluwéè yín?"

"Ẹ jókòó!" Baálẹ̀ ní. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rọra bèèrè: "Shuaib, èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ dúró fún ọba, Kábíyèsí."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọba, kí wá ni tiẹ̀?"

Shuaib wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Dín kan."

Mo fojú inú rí lẹ́tà mi bó ṣe ń fò lọ. Ṣùgbọ́n Shuaib ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀: "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀! Bí àgbà bá jáde nínú ilé, oore ilé ló bá a jáde. Ohun tó kù sílé ti dín, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé dín kan. Ilé tí Baálẹ̀ bá jáde kúrò nínú ẹ̀, kí ló tún kù ńbẹ̀?"

Ojú Baálẹ̀ rọ̀. Ọ̀tún jókòó. Làsísì pàápàá na ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn," Ọ̀tún ní.

Mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Kúbúrá nawọ́ sókè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi bi í. Bí àgbà bá jáde, ilé dín. Bí ọmọ bá jáde ńkọ́?"

Shuaib ń fi ìka ha ilẹ̀.

"Dáhùn!" Baálẹ̀ ní.

"Lé kan." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé... ohun tó kù nínú ilé ti dáa sí i."

"Ẹ gbọ́ o! Bí ọmọ mi bá kúrò nílé, ilé dáa sí i!"

Ariwo sọ. Ọ̀tún ní òun kò sọ pé ọlọ́gbọ́n ni mọ́. Làsísì ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo. Shuaib wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Baálẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pariwo tó wọn. Ó wúkọ́.

"Làsísì, bí Shuaib bá kó jáde nílé rẹ, àgbà ló jáde ni àbí ọmọdé?"

"Àgbà ni, Kábíyèsí."

"Bí a ṣe kà á níbí, ilé rẹ dín nìyẹn. Mi ò ní bá ọ dín ilé rẹ kù. Yóò máa gbé ibẹ̀."

Làsísì ki àgádágodo rẹ̀ padà sápò.

"Jubril, o ní o ò mọ̀ ọ́n. Láti ọ̀la, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, wàá máa lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì láràárọ̀ títí oṣù méjì, kí o lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ Shuaib, dìde. Ọmọ kì í ṣe ìgò. Ọmọ kì í ní iye, orúkọ ló ní. Bí àwọn ọmọ ilé yẹn bá ti ń jáde láàárọ̀, wàá máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòun ti oríkì, wàá sì ṣàdúrà àlọ-ire àbọ̀-ire fún wọn. Bí wọ́n bá dé lọ́sàn-án, wàá tún wọn pè. Bí o bá ṣi ẹyọ kan, wàá padà bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́."

"Kábíyèsí, àwọn ọmọ ilé wa pọ̀ o!"

"Ó mọ̀ pé wọ́n pọ̀!" Kúbúrá ké tantan.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀ lórí ti Kúbúrá."

Wọ́n kó àwọn ọmọ Kúbúrá wọlé láti ẹ̀yìn fèrèsé. Mi ò ní sọ iye wọn, ẹjọ́ Shuaib ti tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Shuaib gbójú sókè, ó pe "Uswat Àbẹ̀kẹ́," ó gbà á. Ó pe èkejì ní Quadri Àjàní, ọmọ náà ní Àkànní lòun. Ó padà bẹ̀rẹ̀. Ó pe Abdulkabir ní Àkànní, wọ́n ní ìyẹn ni Àjàní. Òógùn bò ó. Nígbà tó gba àwọn ẹ̀gbọ́n já lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wá kan èyí tó kéré jù, tó wọ fìlà òtútù, tó ṣì gbẹ díẹ̀ nítorí àìsàn. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é. Shuaib dúró.

"Ìyá Uswat, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ẹ̀ gan-an?"

Kúbúrá fa ọmọ náà mọ́ra.

"Málọmọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ṣí fìlà rẹ̀ lórí. Làsísì tó ti ń gbé inú ilé kan pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ yìí, òun náà kò mọ̀. Ojú tì mí fún gbogbo ẹ̀rín tí mo ti rín.

"Málọmọ́," Shuaib pè é, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá," Kúbúrá ní. "Bí o ṣe ń ka ìgò yẹn ni kí o pè é."

Shuaib fa èémí sínú. Ohùn ọdún mọ́kànlá jáde. Àwọn tó ń kọjá lójú irin dúró, wọ́n ń wò yíká.

"MÁLỌMỌ́!"

"Mi ò lọ ibì kankan," ọmọ náà dá a lóhùn. "Ebi ló ń pa mí."