Bí Oyèdòkun Ṣe Ṣẹ́gun Adìyẹ Nínú Ilé Ìkàwé

Ẹ bá mi kí Oyèdòkun ọmọ Àkàngbé, akọni inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ gúgúrú lórí ìwé, ọkùnrin kúkurú tí ọmọ ilé-ìwé máa ń rí tí ìka yóò fúnra rẹ̀ lọ sí ètè! Ẹ kí ọmọọmọ Àkàngbé Àgbà, tó lé àgbò jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè tí àlùfáà kò fi dá ìwàásù dúró! Ìran wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá jagun, ojú ni èèyàn fi ń rí i, etí kì í gbọ́ ọ.

Òun ni olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Ilé-Ìwé Gírámà Òkè-Ìràwọ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́. Ìyáàfin yìí ti búra lọ́jọ́ Ajé pé bí ariwo bá tún ti ibẹ̀ jáde, òun yóò kó gbogbo ìwé sínú páálí, òun yóò sì gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Oyèdòkun ti ń rò ó lọ́sàn-án lóru. Níbo ni àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá yóò ti kàwé? Kí ni wọn yóò sì máa pe òun alára, bí kò bá sí ìwé tí òun ń tọ́jú?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí olúkúlùkù tẹjú mọ́ ìwé, ni adìyẹ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì gba ojú fèrèsé wọlé. Ó fò gun pẹpẹ ìwé, ó tẹ́ ìdí lé ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì ń wò wọ́n bí ìyálé ilé. Àwọn ọmọ la ẹnu, wọ́n tún pa á dé, nítorí òfin ni òfin. Àbẹ̀jẹ́, ọmọbìnrin tó jókòó nítòsí pẹpẹ náà, na ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Tíṣà, ẹ wò ó o, ó fẹ́ yé!"

Ta ni kò mọ ariwo adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé?

Nígbà náà ni ọ̀gágun dìde, akíkanjú dìde, Oyèdòkun a-bọ́-bàtà-jagun dìde! Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń kó gúgúrú tó gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣejù sí, ó dà á sílẹ̀ láti ìdí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Adìyẹ wo gúgúrú, ó wo Oyèdòkun, kò mira. Oyèdòkun na ọwọ́ sí i, adìyẹ fẹ ìyẹ́, ó fi ẹnu gún un lọ́wọ́. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó fi eyín di ètè mú.

Ẹyin bọ́. Adìyẹ dìde, ó na ọrùn, ó la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Oyèdòkun ti já fìlà ẹtù lórí ara rẹ̀, ó ti dé e bo ọ̀tá lórí! Adìyẹ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó dákẹ́. Oyèdòkun gbá a mọ́ àyà, ó gba àárín àwọn ọmọ tó ń ju ọwọ́ sókè láìpàtẹ́wọ́, ó sáré dé pápá, ó sì ṣí fìlà.

Háà, igbe! Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ sáré jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèdòkun! Ariwo kí nìyẹn?"

"Adìyẹ ni, mà. Ìta níbí ló wà, mà."

"Ilé ìkàwé ńkọ́?"

"Ẹ wá wò ó, mà."

Wọ́n wọlé, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ojú ìyáàfin bọ́ sára ẹyin lórí ìwé atúmọ̀ èdè. Kó tó béèrè, Oyèdòkun ti mú òǹtẹ̀ ilé ìkàwé, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹyin lára, bó ti ń ṣe sí ohunkóhun tó bá dé orí pẹpẹ rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ìyáàfin, ó mi fèrèsé tìtì.

Oyèdòkun gbé ìka sí ètè. "Ẹ má bínú, mà. Ilé ìkàwé nìyí."

Ìyáàfin fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yọ́ jáde, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí tẹrú tọmọ gbọ́, kí ará oko sọ fún ará ilé: Oyèdòkun ọmọ Àkàngbé ti ṣẹ́gun! Ẹyin náà wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá. Ṣùgbọ́n a kì í yá a lọ sílé.