Àáfà Bassou àti Yìnyín Tí Addi Fi Ọṣẹ Ṣe

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ní Zagora, ìlú aṣálẹ̀ ní Mòrókò, níbi tí iyanrìn ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, Àáfà Bassou wa mọ́tò àtijọ́ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ wá sí ọgbà Addi mẹkáníìkì. Àwọn méjèèjì jọ lọ ilé kéwú ni: Bassou kà á parí, Addi gba ojú fèrèsé jáde, kò sì padà. Ní báyìí, wọ́n ti fún Bassou ní ipò lèmọ́mù ní Aït Mersid, lórí òkè níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Àmọ́ tí kò bá dúró níwájú àwọn olùkírun ní Jímọ̀ yìí, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò náà. Tuda ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe ọmọ orí òkè, ti ṣáájú lọ. Ìwé tó kọ ránṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ Bassou.

"Àáfà mi," ni Addi wí, "kí ló dé tí ojú rẹ rí bí ẹni tí wọ́n ní kó gbẹ́ sàréè ara rẹ̀?"

"Addi, ọdún méjìlá ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní mọ́sálásí tèmi. Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, ooru wá mú mi débi pé mo fi kún un: 'Olúwa, kó jẹ́ ibi tó tutù díẹ̀.'"

"Ó sì gbọ́."

"Ó gbọ́ jù! Díẹ̀ ni mo sọ!"

"Bóyá ibi tí o sọ 'díẹ̀' dé ni o ti húkọ́."

Bassou fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ìwọ mọ yìnyín?"

"Èmi?" Addi nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì na àyà. "Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe sójà lórí òkè! Fetí sílẹ̀, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yìnyín, iyanrìn funfun ni. Ohun tí o bá ṣe fún iyanrìn, ṣe é fún yìnyín. Ó tán. Kí ni Tuda kọ?"

"Ó ní táyà nílò ẹ̀wọ̀n."

"Ẹ̀wọ̀n? Kí ni táyà jí?"

"Ẹ̀wọ̀n irin ni. Ó ní wọ́n máa ń we é mọ́ táyà kó má baà yọ̀."

"Irin! Nínú òtútù! Ìwọ náà fọwọ́ kan irin láàárọ̀ kùtù wò. Ṣé o fẹ́ kí táyà gba ikọ́ ni?" Addi ti fa okùn igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ dàbínù jáde, ó ń we é mọ́ táyà bí ẹni ń wé láwàní. Nígbà tó we mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ wọn. *Pṣṣṣṣ.*

"Tuda ò sọ pé kí a tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ o."

"Tí o bá fẹ́ wọ inú iyanrìn, kí lo kọ́kọ́ ń ṣe?"

"Mà á tú afẹ́fẹ́ táyà."

"Yìnyín ńkọ́?"

"Iyanrìn funfun ni," Bassou dáhùn bí ọmọ kéwú.

"Àlùhámúdúlílàhi. Ka tó kù."

"Ó ní oògùn kan wà tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà dì."

"Kí ló ń dì?"

"Omi."

"Tí omi ò bá sí ńbẹ̀?"

Bassou ronú sí i. Ó há Kùránì sórí láti òkè dé ilẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò ti gbá ọ̀rọ̀ yìí mú. "Kò ní sí ohun tó máa dì."

"O rí i? Ìwọ kàwé, èmi ń ronú." Addi tú ìdè ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, omi sì ṣàn lọ bá ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ó tún ní tí mo bá páàkì mọ́tò lálẹ́, kí n gbé ọwọ́ waípà méjèèjì sókè."

Wọ́n gbé e sókè wò. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo mọ́tò tó na ọwọ́ méjèèjì sí sánmà.

"Àdúà ló ń ṣe," ni Addi wí.

"Ó ń ṣe é ju ìwọ lọ."

"Má bẹ̀rẹ̀ o. Kí ló kàn?"

"Àpò iyanrìn mẹ́ta sínú búùtù, àti ṣọ́bìrì kan."

Addi fò sókè. "Iyanrìn! Mo ti sọ pé obìnrin yẹn gbọ́n!" Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Àpò mẹ́fà ló kó sí i. Ìdí mọ́tò balẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè.

"Ó ku aṣọ," ni Bassou wí. "Aṣọ onírun àgùntàn."

Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Jálàmíà onírun mẹ́ta, agbádá àwọn darandaran kan lórí wọn, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kúbùsù ràkúnmí Addi lé gbogbo rẹ̀. Oòrùn ń tàn. Òógùn ń kán láti ìkángun irùngbọ̀n Àáfà.

"Gbé apá rẹ sókè, jẹ́ kí n wò ó."

"Kò gòkè."

"Nígbà náà, báwo lo ṣe máa kírun?"

"Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn, Addi. Tí omi bá dì, kí ni mo máa fi ṣe àlùwàlá?"

"Níhìn-ín, tí kò bá sí omi, kí lẹ ń lò?"

"Iyanrìn tó mọ́."

"Yìnyín sì jẹ́...?"

Bassou ṣí ìwé inú orí rẹ̀ wò. Ohun tí aláìkàwé yìí sọ wà nínú ìwé àwọn àáfà àgbà lóòótọ́. Ó kà á rí. Ara rẹ̀ bù máṣọ nínú gbogbo ooru yẹn.

"Addi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n lọ báyìí? Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní àmì kan. Kékeré. Kò fọhùn."

"Bóyá Ó ti sùn lọ."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Bassou jágbe mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti rò ó láfẹ̀mọ́júmọ́, lórí ẹní ìkírun.

Addi wo ojú rẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. "Ohun tí o nílò ni ìdánrawò. Wọlé sínú mọ́tò."

Ó gbé garawa ọṣẹ dúdú ilé ìwẹ̀ kan jáde, ó dà á sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ mọ́tò dé ẹnu géètì. Ilẹ̀ ọgbà náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sójú títì. Ó wọ́n omi lé e, ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a ká títí ilẹ̀ fi ń dán.

"Yìnyín rèé. Má sítáàtì ẹ́ńjìnì o, omi ò sí nínú rẹ̀. Èmi ni mà á tì ọ́. Tó bá ti ń yọ̀, fara balẹ̀."

"Kí ni kí n tẹ̀?"

"Tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́!"

"Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ mi! N ò mọ èyí tó jẹ́ bíréèkì!"

Addi ti tì í. Mọ́tò náà lọ bí ẹja.

"Addi!"

"Yí ọwọ́ ọkọ̀!"

"Mo ń yí i! Mọ́tò ò gbọ́!"

"Yí i sódì kejì!"

"Bisimilahi! Bisimilahi! Addi, ògiri!"

Okùn ọ̀pẹ tú lára táyà, ó ń nà tẹ̀lé mọ́tò bí ejò. Mọ́tò yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìdí gba ẹnu géètì jáde láìkan òpó kankan, ó tún yí ìdajì sí i lójú títì, ó sì dúró. Ọwọ́ waípà méjèèjì ṣì wà lókè.

Addi sáré jáde, ó ṣubú lórí ọṣẹ, ó dìde, ó tún ṣubú, ó fi àyà yọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́tò. Láwàní ti bo ojú Bassou.

"Addi, ibo ni mo kọjú sí?"

"Àríwá."

"Ọ̀nà òkè?"

"Ọ̀nà òkè gan-an. Bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n."

Bassou ṣí ojú rẹ̀. Ọ̀nà nà gbọọrọ níwájú rẹ̀. "Addi, Ọlọ́run ni àbí ọṣẹ?"

"Ọṣẹ ni." Addi nu ọṣẹ kúrò lẹ́nu. "Ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tó wọ orí mi tí mo fi dà á sílẹ̀."

Òógùn wọ Bassou lójú, ó fa ìwé Tuda láti fi nu ún, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà. Ó kà á sókè:

"'Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má jẹ́ kí Addi fọwọ́ kan mọ́tò. Tó bá ti fọwọ́ kàn án, fẹ́ táyà padà, kí o sì bu omi mìíràn rọ́pò èyí tó dà nù. Mo ti fi ẹ̀wọ̀n àti oògùn omi sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta epo ní ìsàlẹ̀ òkè. Yà gbà á, kí o máa bọ̀.'"

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé mo máa da omi nù?"

"Ó mọ̀ ọ́, Addi."

Addi ò bá a jiyàn, ìyẹn sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Ó fẹ́ táyà, ó bu omi, ó kó okùn kúrò. Bassou bọ́ kúbùsù fún un, ó bọ́ jálàmíà méjì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó rí bíréèkì. Ó sítáàtì mọ́tò, mọ́tò sì gbà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó wọ gíà, ilẹ̀kùn kejì ṣí. Addi ni, pẹ̀lú kúbùsù lábẹ́ apá.

"Ibo lò ń lọ?"

"Sún ẹrù yẹn fún mi."

"Addi, o ní ọdún méjì gbáko lo fi wà lórí òkè."

"Ilé ìdáná ni wọ́n fi mí sí. Kò ní fèrèsé."

"Ọdún méjì?"

"Ṣáà sún, Àáfà! Kó tó di Jímọ̀, ó yẹ kí ọ̀kan nínú wa ti rí yìnyín rí."