Ẹja Tó Ń Ṣe Àmín ní Ọ̀kà

Ẹni tó bá ń ta ẹja tí èèyàn kì í jẹ ní Ìkàrẹ́, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Munir ló ń tà á, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí gíláàsì. Wọ́n ti bi í léèrè títí bóyá ata púpọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi sè é, kì í dáhùn mọ́. Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Ìyá Elizabeth, oníbàárà rẹ̀ kan ṣoṣo ní gbogbo Ọ̀kà, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ìyá náà gbé ẹja mẹ́fà lọ sílé.

"Munir ọmọ mi, ẹ̀rí ni mo wá jẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ̀rí kí ni?"

"Ti ẹja. Ẹja tó o tà fún mi, ẹja Ọlọ́run ni."

"Gbogbo ẹja ni ti Ọlọ́run, Mà."

"Àwọn tó wà lódò, ti Ọlọ́run ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀. Tèmi mọ̀. Wọ́n ń gbàdúrà."

Munir fa àga fún un. Láti ọjọ́ tó ti ń ta ẹja, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń kó wá bá a, ẹnikẹ́ni ò tíì wá jẹ́rìí rí.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á, Mà?"

"Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, gbogbo wọn á gòkè wá sójú omi. Wọ́n á tò, wọ́n á gbójú sókè. Bí mo bá ní 'lórúkọ Jésù', wọ́n á lanu: àmín. Wọ́n á tún lanu: àmín. Bàbá Elizabeth tí wọ́n máa ń sùn nídìí àdúrà láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, ojú àwọn ẹja tì wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọn ò sùn."

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí Munir ti béèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì fẹ́ bu tirẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ ilé ni, Mà. Èmi kì í ta ẹja tí kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ní ọmọ Mùsùlùmí ló tọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe àmín sí ti Jésù. Ìwọ yóò dàgbà, wàá dògbó."

"Àmín, Mà. Ẹni tí kò bá mọ ẹja ò lè mọ bí mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó tà wọ́n."

"Wọn ò tilẹ̀ jẹun mọ́. Ààwẹ̀ ni wọ́n wà."

Ọwọ́ Munir dúró lórí gíláàsì tó ń nù.

"Wọn ò jẹun?"

"Láti àná. Èmi tí mo jẹ́ díkínẹ́ẹ̀sì, ọ̀sán ni mo máa ń já tèmi."

"Mà, báwo lẹ ṣe ń fún wọn lóúnjẹ? Mo ní orí ìka méjì ni kí ẹ fi mú un, ìwọ̀nba tí wọ́n á jẹ tán kí ẹ tó ka oore-ọ̀fẹ́ tán."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Àmọ́ oore-ọ̀fẹ́ tiwa máa ń gùn díẹ̀."

"Omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú garawa kí ẹ tó dà á sí i?"

"Ó sinmi jù mí lọ. Munir, o rò pé mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ni? O ṣáà mọ ẹni tí mo ra ẹja fún."

Munir mọ̀. Òkìkíọlá, ọmọ Elizabeth, ń bọ̀ láti Àbújá lọ́la. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà sùn mọ́jú kan péré, ó ní kò sí nǹkan tí èèyàn ń wò nílé Màmá, ó sì sunkún títí wọ́n fi gbé e padà. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá náà wọra.

"Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé ẹja ń dúró dè é. Ó ti béèrè orúkọ wọn. Ó ní òun á lo gbogbo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Gba fóònù yìí, mo ya fídíò àdúrà àárọ̀ òní. Wo bí wọ́n ṣe ń gbóná nínú ẹ̀mí."

Munir gba fóònù. Ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lójú omi, imú wọn lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń sọ kúlúkúlú. Ojú omi náà ń dán bí ojú ọbẹ̀.

"Mà, kí ló ń dán lórí omi yìí?"

"Ògo ni."

"Ògo?"

"Ìwọ náà rí i. Bàbá Elizabeth ní àwọn ò rí nǹkan kan."

"Mà, ẹ má bínú. Kí lẹ fi sínú omi yìí?"

"Nǹkan kan ò sí."

"Mà."

"Àfi òróró àdúrà."

Munir fẹ́ jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Elizabeth ló sì wà lórí rẹ̀, ló bá jókòó lé garawa.

"Ilé tuntun ni àpótí yẹn jẹ́ fún wọn, Munir. Ta ló ń kó wọ ilé tuntun láìta òróró sí i? A ra mọ́tò, mo ta á sí i. A ra fíríìjì, mo ta á sí i. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo gba òróró tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé kí n yọ ẹja sílẹ̀ ni?"

"Ẹ̀kán mélòó, Mà?"

"Mi ò kà á. Ìbùkún ni, kì í ṣe oògùn ikọ́."

"Ẹ̀rọ tó ń hó nínú omi ńkọ́?"

"Mo pa á. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Bíbélì."

Munir gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí òun, ọmọ Mùsùlùmí, bá fẹnu ara òun sọ pé òróró àdúrà ń pa ẹja, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́ ọ láti Ọ̀kà dé Ṣúpárè. Ṣùgbọ́n ẹja ò lè dúró de ìtìjú rẹ̀.

"Mà, ẹja ń mí. Ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún wọn. Òróró ti bò ó bí ọmọrí ìkòkò, ẹ sì tún pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kì í ṣe àmín ni wọ́n ń ṣe. Èémí ni wọ́n ń wá."

Ìyá Elizabeth tún wo fídíò náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Láti àná ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí," ó ní, "èmi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kígbe sí i."

"Ẹ̀bi èmi náà wà níbẹ̀, Mà. Mo ń gba ìyìn."

"Òkú ni Òkìkíọlá máa bá. Kò tún ní wá mọ́."

"Wọn ò tíì kú. Ẹ pe Bàbá."

"Kí wọ́n wá yọ òróró náà? Munir, ta ló ń pa ìbùkún rẹ́?"

Munir wo òkè àjà, kò rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

"Ìbùkún ti wọ ìsàlẹ̀ lọ, Mà. Èyí tó wà lókè, àjẹṣẹ́kù ni. Nígbà mìíràn, ara gíláàsì lóde ni kí ẹ máa ta á sí."

Munir fi fóònù ìyá náà pe Bàbá Elizabeth kíá.

"Bàbá, ẹ tan ẹ̀rọ ẹja yẹn. Ẹ mú tíṣù. Ẹ tẹ́ ẹ sójú omi, ẹ fà á jẹ́jẹ́, ẹ tẹ́ òmíràn. Rárá, mi ò ní kí ẹ nu wọ́n lójú."

Ó dá fóònù padà fún ìyá náà. "Mà, ẹ ní kí wọ́n má da gbogbo omi nù o. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí wọ́n bù kúrò, kí wọ́n fi èyí tó ti sinmi dípò. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara ẹja ò ní gbà á."

Ìyá náà sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n wá ń dúró de ìròyìn. Ìyá Elizabeth bẹ̀rẹ̀ àdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó dé ìparí, Munir la ẹnu gbàgà: "Àmín."

Ìyá náà wò ó dáadáa.

"Ìwọ náà ń wá èémí?"

Fóònù dún. Ó gbé e sétí.

"Bàbá ní wọ́n ti pa ẹnu dé."

Munir sún garawa mọ́ ọn.

"Wọ́n ti pa ẹnu dé báwo?"

"Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Bàbá ní ọ̀kan ń bu ìkejì jẹ nídìí."

"Alihamdulilahi."

"Dúró. Bàbá ní àwọn ka Sáàmù fún wọn, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n ní gbogbo wọn ti padà sẹ́yìn pátápátá, ìgò òróró ti wà lọ́wọ́ àwọn, ṣé kí àwọn ta díẹ̀ kún un."

Munir fò dìde lórí garawa. Ìyá Elizabeth gbọ́wọ́ sókè dá a dúró, ó sì fi ohùn díkínẹ́ẹ̀sì bá fóònù sọ̀rọ̀:

"Bàbá, ẹ gbé ìgò yẹn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dẹ́ṣẹ̀ lọ títí Òkìkíọlá á fi dé."